₦90,000 Ti Ìkòròdú, ₦110,000 Ti Ìkejà: Èwo Ló Pọ̀ Jù Lápò Ráídà?

Bí ẹ bá rìn láti Gáréèjì Ìkòròdú lọ sí Sábó, ẹ óò rí i lára òpó iná: "À ń wá ráídà. ₦110,000 lóṣù, kọ́míṣọ̀n wà." Nọ́ńbà fóònù ló máa tẹ̀ lé e. Wọn ò ní kọ ẹni tó ń ra epo síbẹ̀. Wọn ò ní kọ ibi tí báìkì ń sùn, tàbí ẹni tó máa san owó ọsibítù bí ráídà, ìyẹn ẹni tó ń fi báìkì gbé ẹrù fún oníbàárà, bá ṣubú ní Májídun. Bẹ́ẹ̀, inú ohun tí wọn ò kọ yẹn gan-an ni owó wà.

Ti òkè òkun náà rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2023, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ Teamsters àti UPS, iléeṣẹ́ tó ń gbé ẹrù fáwọn oníbàárà ní Amẹ́ríkà, ṣe àdéhùn ọlọ́dún márùn-ún. Carol Tomé, ọ̀gá àgbà UPS, sọ pé kí àdéhùn náà tó parí, awakọ̀ tó ń fi gbogbo ọjọ́ gbé ẹrù yóò máa rí nǹkan bíi $170,000 lọ́dún. Ariwo ta, ó dé orí WhatsApp tiwa níbí. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò kà dé ibẹ̀ ni pé owó iṣẹ́ àti àjẹmọ́nú ni wọ́n pa pọ̀, ìtọ́jú ìlera àti owó ìfẹ̀yìntì wà nínú rẹ̀. Nígbà tí àdéhùn náà bá fi máa parí, owó iṣẹ́ ẹni tó ti dé òkè àtẹ owó yóò jẹ́ nǹkan bíi $49 ní wákàtí kan. Ẹni tó bá ṣe wákàtí 40 lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 52, $101,920 ló máa rí, kí wọ́n tó ka òfátáìmù, kí owó orí sì tó já a. Ìyókù, inú àjẹmọ́nú àti òfátáìmù ló ti ń bọ̀. Lójú títì kan náà, ẹ lè rí ẹlòmíràn tó wọ aṣọ Amazon tó ń gbé irú páálí kan náà, tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ Amazon rárá. Agbaṣẹ́ṣe kan ló gbà á síṣẹ́. Iṣẹ́ kan náà, àjẹmọ́nú ọ̀tọ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sanwó fún ráídà tó fi díspáàṣì ṣe iṣẹ́ òòjọ́ ní agbègbè wa kò ju mẹ́rin lọ: owó oṣù gbọingbọin, owó oṣù kékeré tó ní kọ́míṣọ̀n, bálánsì, tí ráídà ń san iye kan fún oníbáìkì lọ́sẹ̀ kó tó mú tirẹ̀, àti haya-pọ́ṣéèsì, tí báìkì máa di ti ráídà tó bá yá. Àpẹẹrẹ ni àwọn iye owó iṣẹ́, epo àti ọkọ̀ tí mo máa lò nísàlẹ̀. Bí tiyín bá yàtọ̀, ẹ fi tiyín rọ́pò rẹ̀, ìṣirò náà kò yí padà.

Níbo ni báìkì ń sùn?

Ìbéèrè yìí ni mo máa kọ́kọ́ bi ẹnikẹ́ni tó bá ní iṣẹ́ Ìkejà sanwó ju ti Ìkòròdú lọ.

Ká ní iléeṣẹ́ Ìkejà ń san ₦110,000, báìkì sì gbọ́dọ̀ sùn sí ọgbà wọn. Ráídà tó ń gbé ní Ìtamágà máa wọ kẹ̀kẹ́ dé gáréèjì, ó máa wọ bọ́ọ̀sì dé Kétu tàbí Ọjọ́ta, ó sì máa tún wọ òmíràn. Bí lílọ àti bíbọ̀ bá jẹ́ ₦2,400 lójúmọ́, ọjọ́ 26 lóṣù jẹ́ ₦62,400. Ohun tó kù nínú ₦110,000 ni ₦47,600, kò sì tíì jẹun. Wọ́n fẹ́ kó dé aago méje ààbọ̀ láàárọ̀ kó lè to ẹrù, èyí tó túmọ̀ sí pé aago márùn-ún ló ń kúrò nílé. Ẹni tó gba ₦90,000 ní ọ́fíìsì kan ní Ògólóńtò, tó ń fi ẹsẹ̀ rìn débẹ̀, ti jù ú lọ fíìfíì.

Bí wọ́n bá ní kó máa gbé báìkì lọ sílé ńkọ́? Ó dára, àmọ́ ẹ béèrè epo. Lílọ àti bíbọ̀ Ìkòròdú sí Ìkejà jẹ́ bíi kìlómítà 60. Boxer 150 tó ru àpótí ẹ̀yìn, tó ń fa ara rẹ̀ nínú gosílóò Máìlì 12, máa jẹ lítà epo kan fún nǹkan bíi kìlómítà 35. Bí lítà bá jẹ́ ₦900, ₦1,540 ló ń bá ìrìn yẹn lọ lójúmọ́, bíi ₦40,000 lóṣù. Àwọn iléeṣẹ́ kan máa ń fún ráídà ní epo "iṣẹ́" nìkan, wọ́n á ní ti ilé kò kàn wọ́n. Ẹ tún béèrè pé bí olè bá gbé báìkì lọ nínú ọgbà ilé yín lóru, ta ló ni gbèsè náà? Bí ìdáhùn bá jẹ́ "ìwọ", a jẹ́ pé ẹ ti di ọlọ́dẹ tí wọn ò sanwó fún. Ẹ ra ṣéènì tó nípọn, kẹ́ ẹ so táyà iwájú àti férémù mọ́ nǹkan tí kò ṣeé gbé. Kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ báìkì nìkan kò tó.

Owó oṣù gbọingbọin

Ẹ mú ₦90,000, Mọ́ńdè sí Sátidé, báìkì àti epo jẹ́ ti iléeṣẹ́. Ẹ pín in sí ọjọ́ 26, ó jẹ́ ₦3,460 lójúmọ́. Ẹ di iye yìí mú, a ṣì máa lò ó.

Láti oṣù Keje 2024, owó oṣù tó kéré jù lórílẹ̀-èdè yìí jẹ́ ₦70,000. ₦85,000 tí ẹ ń gbọ́, òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ni wọ́n ń san án fún. Òfin náà sì yọ àwọn kan sílẹ̀: iléeṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25, àti ẹni tó ń gba kọ́míṣọ̀n tàbí owó iye iṣẹ́ tó bá ṣe. Ilé díspáàṣì tó ní báìkì mẹ́fà ní Òwútù, òfin yìí kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè kọ ₦50,000 sára ògiri ní ọ̀sán gangan.

Owó ìfẹ̀yìntì ni ibi tí iléeṣẹ́ ńlá àti kékeré ti máa ń yàtọ̀ jù. Òfin 2014 sọ pé iléeṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 15 sókè gbọ́dọ̀ dá a: ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún látọwọ́ òṣìṣẹ́, ìdá 10 látọwọ́ iléeṣẹ́. Lórí ₦90,000, ₦7,200 ni wọ́n máa yọ lọ́wọ́ yín, àwọn náà á fi ₦9,000 kún un. ₦16,200 ló ń wọlé lóṣù, ₦194,400 lọ́dún. ₦9,000 ti ọ̀gá yẹn, owó yín ni. Ẹni tó ń gba ₦95,000 lọ́dọ̀ ẹni tí kì í dá owó ìfẹ̀yìntì kò sàn ju ẹni tó ń gba ₦90,000 pẹ̀lú rẹ̀ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lójú alẹ́ẹ̀tì báǹkì ó jọ bẹ́ẹ̀. Bí iṣẹ́ bá sì bọ́, tí oṣù mẹ́rin kọjá láìrí òmíràn, ẹ lè gba tó ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wà níbẹ̀.

Ọgbọ́n méjì ló máa ń wà níbẹ̀, kẹ́ ẹ lajú sí i. Àkọ́kọ́: wọ́n á pín ₦90,000 sí wẹ́wẹ́ nínú lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́. Owó ìpìlẹ̀, owó ilé àti owó ọkọ̀ nìkan ni òfin ní ìṣirò owó ìfẹ̀yìntì kò gbọdọ̀ kéré sí. Bí àwọn mẹ́ta yìí bá jẹ́ ₦40,000 lápapọ̀, tí wọ́n pe ₦50,000 tó kù ní "àwọn àjẹmọ́nú mìíràn", ₦7,200 péré ló máa wọlé lóṣù dípò ₦16,200. Ìkejì burú jù: wọ́n á yọ ₦7,200 lọ́wọ́ yín, wọn ò sì ní san án síbì kankan. Òfin fún wọn ní ọjọ́ iṣẹ́ méje lẹ́yìn tí wọ́n bá san owó oṣù láti fi ránṣẹ́. Ẹ gba nọ́ńbà àkáǹtì ìfẹ̀yìntì yín lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú owó náà, kẹ́ ẹ rí i pé fóònù tí ẹ ń lò ni wọ́n kọ sílẹ̀. Oṣù méjì láìrí àtẹ̀jíṣẹ́ kankan, ẹ béèrè àkọsílẹ̀ àkáǹtì yẹn. Ẹ má lọ bá akọ̀wé owó iléeṣẹ́, ẹ lọ tààrà sọ́dọ̀ ẹni tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Owó orí kò le tó bí àwọn èèyàn ṣe ń bẹ̀rù rẹ̀. Láti January 2026, ₦800,000 àkọ́kọ́ tó wọlé lọ́dún kò ní owó orí. Ẹni ₦90,000 ń gba ₦1,080,000 lọ́dún. Ẹ yọ owó ìfẹ̀yìntì ₦86,400. Bó bá ń san ₦300,000 fún ilé, ẹ yọ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, ìyẹn ₦60,000. Ó ku ₦933,600. Ẹ yọ ₦800,000, kẹ́ ẹ mú ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ₦133,600 tó kù: ₦20,040 lọ́dún, bíi ₦1,670 lóṣù. Bí ìwé owó oṣù yín bá gbé ₦5,000 jáde fún owó orí, ẹ bi wọ́n bí wọ́n ṣe dé ibẹ̀, kẹ́ ẹ sì mú rìsíìtì owó ilé yín dání. Láìsí rìsíìtì, wọn ò ní yọ owó ilé kúrò.

Nítorí náà, ₦81,130 ni ₦90,000 yìí máa jẹ́ lọ́wọ́.

Ìsinmi náà, owó ni. Òfin òṣìṣẹ́ fún ẹni tó bá ti lo oṣù 12 ní ó kéré tán ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà ìsinmi pẹ̀lú owó, ó sì fún un ní tó ọjọ́ iṣẹ́ 12 lọ́dún fún àìsàn bí dókítà bá fọwọ́ sí i. Ọjọ́ 18 ní ₦3,460 jẹ́ ₦62,280. Ráídà bálánsì tí ibà dá mọ́lẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan kò rí kọ́bọ̀, bálánsì ọ̀sẹ̀ yẹn sì ń dúró dè é.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ráídà kò gbọ́ rí: iléeṣẹ́ tó bá ń dá owó ìfẹ̀yìntì gbọ́dọ̀ ra ìnṣọ́ránsì ẹ̀mí fún òṣìṣẹ́, kò sì gbọdọ̀ kéré sí owó ọdún mẹ́ta. Fún ẹni ₦90,000, ₦3,240,000 ni fún ẹbí rẹ̀ bí ikú bá dé. Iléeṣẹ́ ló ń san án, wọn ò gbọdọ̀ yọ ọ́ lára owó yín. Orúkọ tí ẹ kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ wọṣẹ́ ni wọ́n máa pè. Ẹni tó kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nígbà tó jẹ́ àpọ́n, tó wá bímọ mẹ́ta, kó lọ tún un kọ.

Kọ́míṣọ̀n

₦50,000 lóṣù, ₦200 lórí ẹrù kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á ní ẹrù 14 ló ń jáde lójúmọ́. Ọjọ́ 25, ẹrù 350, ₦70,000. Àpapọ̀ ₦120,000. Ó dùn létí.

Ṣùgbọ́n ṣé ẹrù tí ẹ gbé jáde ni wọ́n ń kà ni, àbí èyí tí oníbàárà gbà? Nínú ẹrù 14, kò ṣòro kí mẹ́rin padà: fóònù kò lọ, oníbàárà ní òun ti wọ Èkó, òmíràn ní kí ẹ mú un wá lọ́la. Bí mẹ́wàá péré bá dé ọwọ́ olówó, kọ́míṣọ̀n di ₦50,000, owó yín di ₦100,000. Ẹrù tó padà yẹn, epo ló fi lọ, epo ló fi bọ̀. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ń san nǹkan fún lílọ ẹlẹ́ẹ̀kejì.

Kí ẹ tún béèrè agbègbè tí wọ́n máa fún yín. Ráídà tó ní Sábó, Benson àti Ayangburen Road lè já ẹrù 18 sílẹ̀ kó tó di aago mẹ́rin, torí ilé súnmọ́ ilé. Ẹni tí wọ́n fún ní Ìmọ̀tà, Gbérígbè àti Agbówà lè máà tó méje ní wákàtí kan náà, nínú kòtò àti yẹ̀pẹ̀. Bí ẹ̀yin méjèèjì bá ń gba ₦200 lórí ẹrù kan, a ti yan ẹnì kan jẹ. Iléeṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ máa ń ya owó agbègbè sọ́tọ̀, tàbí kí wọ́n máa yí ráídà ká lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí wọn ò bá ṣe ìkankan nínú méjèèjì, ẹ wo ẹni tó jẹ́ àbúrò ọ̀gá, kẹ́ ẹ wo agbègbè tó ń gbà.

Bí owó ìfẹ̀yìntì bá wà, lórí ₦50,000 ni wọ́n máa ṣírò rẹ̀, kì í ṣe lórí ₦120,000. Ẹ ka ìyẹn mọ́ ọn.

Bálánsì

Èyí ló wọ́pọ̀ jù láàárín àwọn tó fẹ́ jẹ́ ọ̀gá ara wọn. Oníbáìkì ń gba ₦30,000 lọ́sẹ̀. Ráídà ló ni oníbàárà, ó ni epo, ó ni àtúnṣe, ó sì ni ohun tó bá kù.

Ẹ jẹ́ ká ní ó ń pa ₦18,000 lójúmọ́. Oṣù kan, ọjọ́ 24 ló máa fi ṣiṣẹ́, torí òjò àti mẹkáníìkì máa gba tiwọn. ₦432,000 ni. Bálánsì lóṣù jẹ́ bíi ₦130,000. Bó bá ń rìn kìlómítà 110 lójúmọ́, epo jẹ́ bíi lítà mẹ́ta lé díẹ̀, ₦68,000 lóṣù. Ó ti rìn kìlómítà 2,640 nìyẹn. Ẹ́ńjìnnì ọ́ìlì tí wọ́n ń pàrọ̀ ní bíi 2,000 kìlómítà máa gba ₦8,000. Ẹ fi ₦20,000 sílẹ̀ fún táyà, ṣéènì, búréèkì àti fọgánáísà. Dátà àti kírédíìtì ìpè, ₦10,000. Tíkẹ́ẹ̀tì àti àwọn tó ń dúró lójú ọ̀nà, ₦12,000. Ìnáwó jẹ́ ₦248,000. Èrè: ₦184,000.

Ìlọ́po méjì owó oṣù! Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ti máa ń dúró. Ẹ tẹ̀ síwájú díẹ̀ sí i. Ká ní ọjà dẹ̀, ó ń pa ₦13,000 lójúmọ́ dípò ₦18,000. Owó tó wọlé di ₦312,000. Bálánsì kò dín. Epo kò fi bẹ́ẹ̀ dín, torí ó ṣì ń sá káàkiri wá iṣẹ́. Èrè di ₦64,000. ₦5,000 lójúmọ́ ló já, ₦120,000 ló bá a lọ lóṣù. Ìpẹ̀kun ọdún máa ń dára. Oṣù kìíní ọdún kì í fi bẹ́ẹ̀ dára, nígbà tí olúkúlùkù ti náwó tán. Ẹni tó bá fẹ́ gba bálánsì kó mú oṣù tó burú jù fi ṣe ìṣirò, kó má fi December tan ara rẹ̀.

Ẹ béèrè kí ló ń ṣẹlẹ̀ bí báìkì bá wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì fún ọjọ́ mẹ́ta. Oníbáìkì tó lójú àánú máa yọ ọjọ́ náà kúrò nínú bálánsì. Ọ̀pọ̀ kì í yọ ọ́. Ẹ tún pín àtúnṣe sí méjì kí ẹ tó gbé kọ́kọ́rọ́: ohun tó ń jẹ lójoojúmọ́, bíi búréèkì, púlọ́ọ̀gì, túúbù àti ṣéènì, ti ráídà ni, ohun inú ẹ́ńjìnnì, bíi písítìnì, ríìnì àti kílọ́ọ̀ṣì, ó yẹ kó jẹ́ ti oníbáìkì, àfi bí ráídà bá fi àìpàrọ̀ ọ́ìlì pa á. Kẹ́ ẹ tó gbà á, ẹ tẹ ìsàlẹ̀ ṣéènì sókè pẹ̀lú ìka: bó bá gbéra ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta lọ, tí eyín ẹ̀yà roboto tó wà lẹ́yìn sì ti tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja, odindi séètì lẹ máa rà kí oṣù náà tó parí. Ẹ yọ fìlà ọ́ìlì, kẹ́ ẹ fi ìka ra ọ́ìlì tó wà lára rẹ̀ wò. Bí wúrúwúrú irin bá ń dán nínú rẹ̀, ẹ dá kọ́kọ́rọ́ padà.

Haya-pọ́ṣéèsì

₦35,000 lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 78, báìkì di tiyín. ₦2,730,000 lápapọ̀. Bí irú rẹ̀ bá jẹ́ ₦1,700,000 lójà, ₦1,030,000 ni owó sùúrù. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ dandan. Ẹni tí kò ní ₦1,700,000 nílẹ̀, kí ló fẹ́ ṣe? Ṣùgbọ́n ẹ rántí ohun tí ẹ máa gbà lọ́jọ́ yẹn. Kìlómítà 2,640 lóṣù, fún oṣù 18, jẹ́ 47,520. Báìkì tí ẹ san owó tuntun àti lé lórí, ó lè máa tu èéfín nígbà tó bá di tiyín. Ẹ fi owó ríìnì àti písítìnì kún iye tí ẹ rà á.

Orúkọ ta ló wà lórí ìwé? Bó bá jẹ́ ti olówó, ẹ ní kó kọ ọ́ sínú àdéhùn pé lẹ́yìn sísan tó kẹ́yìn, ọjọ́ mélòó ló máa fi yí ìwé padà. Àdéhùn púpọ̀ ní í sọ pé ọ̀sẹ̀ méjì láìsan, báìkì padà, owó tí ẹ ti san sì wọgbó. Òfin haya-pọ́ṣéèsì tọdún 1965 kò gbà bẹ́ẹ̀: ẹni tó bá ti san ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún owó ọkọ̀, olówó kò lè fipá gbà á mọ́ láìlọ sílé ẹjọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè gbé e pa mọ́ síbi ààbò nígbà tí sísan mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ bá ti fò, títí ilé ẹjọ́ á fi dá a. Nínú àpẹẹrẹ wa, ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún jẹ́ ₦1,638,000. Ọ̀sẹ̀ 47 lẹ máa kọjá rẹ̀. Fún ìdí yìí, ẹ má san owó lọ́wọ́ sí ọwọ́. Tíránsífà ni, kẹ́ ẹ kọ "báìkì, ọ̀sẹ̀ 12" sí ibi àlàyé rẹ̀.

Ọjọ́ tí ráídà bá ṣubú

Ìnṣọ́ránsì kan wà tí gbogbo báìkì gbọ́dọ̀ ní, ₦3,000 lọ́dún. Ráídà púpọ̀ rò pé tàwọn ni. Rárá o. Ẹni tí ẹ kọlù àti ohun ìní rẹ̀ ló ń tọ́jú. Ẹsẹ̀ yín tó kán kò kàn án.

Ti ẹsẹ̀ yín wà lábẹ́ òfin ẹ̀san òṣìṣẹ́ ti 2010. Iléeṣẹ́ ló ń dá owó rẹ̀ fún NSITF, àjọ ìjọba tó ń san ẹ̀san náà, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún àpapọ̀ owó oṣù tó ń san, kò sì gbọdọ̀ yọ kọ́bọ̀ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ fún un. Ó kan ìpalára lẹ́nu iṣẹ́, ó sì kan ojú ọ̀nà láàárín ibi iṣẹ́ àti ilé. Bí ìpalára bá ṣẹlẹ̀, ẹ sọ fún iléeṣẹ́ láàárín ọjọ́ 14; iléeṣẹ́ ní ọjọ́ méje láti fi tó àjọ náà létí; ìwé ìbéèrè ẹ̀san kò gbọdọ̀ pẹ́ ju ọdún kan lọ. Ẹ má fi ẹnu sọ ọ́ nìkan. Ẹ kọ ọ́ sórí WhatsApp ọ̀gá, ọjọ́, aago, ibi tó ti ṣẹlẹ̀ àti nọ́ńbà wébìlì, ìyẹn ìwé tó ń bá ẹrù rìn, ti ẹrù tó wà lórí báìkì. Ẹ ya àwòrán wébìlì náà kí ẹnikẹ́ni tó gbà á. Wébìlì yẹn ló máa jẹ́rìí pé iṣẹ́ ni ẹ wà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń bàjẹ́ kò pọ̀. Iléeṣẹ́ kò forúkọ sílẹ̀. Tàbí wọ́n á ní ẹ kì í ṣe òṣìṣẹ́, alábàáṣe ni yín, torí pé kò sí lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́. Òfin ní kí wọ́n fún òṣìṣẹ́ ní ìwé àdéhùn kí oṣù mẹ́ta tó pé, nítorí náà ẹ má jẹ́ kó kọjá. Tàbí, èyí tí ráídà ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà, ó gbé ẹrù kọ̀rọ̀ tirẹ̀ fún ₦2,000, ibẹ̀ ló sì ti ṣubú. Lójú òfin, kò sí lẹ́nu iṣẹ́ nígbà náà. ₦2,000 lè ta ẹ̀san nù.

Ráídà bálánsì àti haya-pọ́ṣéèsì kò ní ọ̀gá tó ń dá owó NSITF fún wọn. Kí wọ́n lọ forúkọ sílẹ̀ fún Ìlera Èkó, ètò ìlera ìpínlẹ̀, kí wọ́n sì ka owó ọdún rẹ̀ mọ́ ìnáwó báìkì, bí ẹni ń ka ọ́ìlì.

Àwọn owó tí wọ́n ń gé

Pípẹ́, ₦2,000. Akoto fọ́, ₦15,000. Ẹrù sọnù, gbogbo iye rẹ̀. Bí oṣù bá fi máa parí, ₦90,000 ti di ₦55,000. Òfin kò fún ọ̀gá láyè láti máa gé owó bó ṣe wù ú. Fún ìbàjẹ́ tàbí àdánù, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé òṣìṣẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é tàbí pé àìbìkítà rẹ̀ ló fà á, ó sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Gbogbo ohun tí wọ́n bá gé lóṣù kan kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó náà: ₦30,000 nínú ₦90,000.

Alẹ́ẹ̀tì irọ́ ló ń dá gbèsè sílẹ̀ jù lónìí, lórí ọjà tí wọ́n ń sanwó rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Oníbàárà fi fóònù rẹ̀ hàn, "ó ti lọ", ráídà fi ẹrù sílẹ̀, owó kò dé. Ojú fóònù oníbàárà kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹni tó wà nídìí àkáǹtì iléeṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ sọ pé owó ti wọlé, kí ẹrù tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ṣáájú kí ẹ tó gba iṣẹ́, ẹ béèrè ẹni tó ń gbé ìpè yẹn àti bó ṣe máa ń yá tó. Bí ráídà bá ní láti dúró ogún ìṣẹ́jú lẹ́nu géètì kan ní Ìgbógbó, kó máà tún jẹ́ òun ni wọ́n máa gé ₦2,000 pípẹ́ fún.

Nígbà tí ẹ bá ń lọ

Ẹni tí kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ, ọjọ́ kan ni ìkìlọ̀ tí òfin ní kí wọ́n fún un, tàbí kí òun fún wọn. Ó ti ju oṣù mẹ́ta àmọ́ kò pé ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ kan. Ọdún méjì sí márùn-ún, ọ̀sẹ̀ méjì. Márùn-ún sókè, oṣù kan. Àdéhùn lè fún yín ju ìyẹn lọ.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá dá báìkì padà, ẹ ya fídíò rẹ̀ yípo: nọ́ńbà, ojú tó ń ka kìlómítà, àpótí ẹ̀yìn, gíláàsì méjèèjì, táyà. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó gbà á fọwọ́ sí ìwé, kó kọ aago sí i. Ẹ gba owó ìdúró tí ẹ fi sílẹ̀ nígbà tí ẹ wọṣẹ́ bí wọ́n bá gbà á, àti ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ yín bó bá wà lọ́wọ́ wọn. Kẹ́ ẹ gba fọ́ọ̀mù àwọn oníduròó méjèèjì padà, èyí tó ní àmì ọwọ́ wọn gan-an. Bí fọ́ọ̀mù yẹn bá ṣì wà nínú fáìlì wọn, ẹrù tó sọnù lọ́wọ́ ẹlòmíràn ní oṣù tó ń bọ̀ lè gbé ọlọ́pàá lọ sílé ẹ̀gbọ́n yín.